Jẹ́ẹ̀tì Kékeré Àlòkù: Iye Owó Níní àti Lílò Rẹ̀ ní Accra

Jẹ́ẹ̀tì kékeré oníṣòwò ni ọkọ̀ òfurufú aládàáni tí ó sábà máa ń ní ẹ́ńjìnnì méjì, tí ó sì ń gba nǹkan bí èrò mẹ́rin sí mẹ́jọ. Lára àwọn tí a mọ̀ jù ni Learjet 35, Citation II, Citation CJ àti Phenom 300. Àlòkù ni a ń pe èyí tí ẹlòmíràn ti lò kí a tó rà á. Ní Accra, olú-ìlú Gánà, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí níbòmíràn, iye tí a fi ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ó ń fi hàn bóyá ó wọ́n. Iye wákàtí tí yóò fò lọ́dún àti ipò tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà ni ó ń fi í hàn.

Oríṣi owó méjì

Owó tí olówó ọkọ̀ ń ná pín sí ọ̀nà méjì. Èkíní ni owó tí ó dúró lójú kan: owó oṣù awakọ̀, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí awakọ̀ gbọ́dọ̀ máa tún ṣe, owó ìdójútòfò àti owó ibi ìgbọ́kọ̀sí. Dandan ni kí a san wọ́n, yálà ọkọ̀ fò tàbí kò fò. Èkejì ni owó tí ó ń tẹ̀lé ìfò: epo, táyà, bíréèkì, owó ìbalẹ̀ ní pápá, àti owó tí a ń fi pamọ́ de ọjọ́ tí a óò tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ fún àtúnṣe.

Bí àpẹẹrẹ, ká ní owó tí ó dúró lójú kan jẹ́ dọ́là 400,000 lọ́dún. Bí ọkọ̀ náà bá fò fún wákàtí 100, dọ́là 4,000 ni yóò gun orí wákàtí kọ̀ọ̀kan kí a tó ra epo. Bí ó bá fò fún wákàtí 400, dọ́là 1,000 péré ni. Ìdí nìyí tí ó fi sábà máa ń sàn fún ẹni tí kì í rin ìrìn-àjò púpọ̀ láti háyà ọkọ̀ ju kí ó ra tirẹ̀ lọ.

Ọkọ̀ àtijọ́ àti ọkọ̀ ìgbàlódé

Learjet 35 kọ́kọ́ fò ní ọdún 1973. Ilé-iṣẹ́ Bombardier parí ṣíṣe àwọn ọkọ̀ Learjet ní 2022. Learjet 35 yára, owó rẹ̀ sì ti wálẹ̀ gan-an lọ́jà, ṣùgbọ́n awakọ̀ méjì ni ó gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀, ó sì ń mu epo ju Citation CJ lọ. Òfin gbà kí awakọ̀ kan ṣoṣo wa Citation CJ tàbí Phenom 300, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ olówó ọkọ̀ ṣì ń gba méjì. Phenom 300, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2009, wọ́n púpọ̀ láti rà.

Ẹ́ńjìnnì ni ó ń tan olùrà jẹ jù. Ẹ́ńjìnnì JT15D tí ó wà lára Citation II ní láti gba àtúnṣe ńlá ní wákàtí 3,500; ti Phenom 300, PW535E, jẹ́ wákàtí 5,000. Ẹni tí ó bá ra Citation II tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ fún wákàtí 3,300 ra wákàtí 200 péré. Owó àtúnṣe ẹ́ńjìnnì méjèèjì lè sún mọ́ iye tí ó fi ra ọkọ̀ náà, ó tilẹ̀ lè jù ú lọ. Àwọn olówó ọkọ̀ mìíràn máa ń san owó fún ẹni tí ó ṣe ẹ́ńjìnnì ní wákàtí-wákàtí, kí ìnáwó ńlá má bàa já lù wọ́n lójijì. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń wọ́n jù láti rà.

Ohun tí Accra fi kún un

Láti Accra dé Èkó kò ju nǹkan bí kìlómítà 400 lọ. Jẹ́ẹ̀tì kékeré kò ní lò tó wákàtí kan. Dakar ju kìlómítà 2,000 lọ. London, tí ó ju 5,000 lọ, kọjá agbára jẹ́ẹ̀tì kékeré láìdúró gba epo lọ́nà. Ìrìn-àjò kúkúrú kò túmọ̀ sí owó kékeré: ìgbéra àti ìbalẹ̀ ni ó ń jẹ táyà, bíréèkì àti ẹsẹ̀ ọkọ̀, epo sì ń tán kíákíá nígbà tí ọkọ̀ kò bá tíì gòkè dáadáa.

Afẹ́fẹ́ òkun Accra ní iyọ̀ tí ó ń jẹ irin, ọyẹ́ sì ń gbé eruku aṣálẹ̀ Sàhárà wá. Nítorí náà, ìfọ̀ àti àyẹ̀wò gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i. Dọ́là ni a fi ń ra ohun èlò ọkọ̀. Nígbà tí owó sídì já wálẹ̀ gidigidi ní 2022, ìnáwó ẹni tí ń gba sídì wọlé ga sókè bí ọkọ̀ rẹ̀ kò tilẹ̀ fò ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Háyà tí olówó ọkọ̀ lè fẹ́ fi dín ìnáwó kù náà ní òfin tirẹ̀: ó gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ ìṣòwò òfurufú lọ́wọ́ àjọ Ghana Civil Aviation Authority kí ó tó gba owó lọ́wọ́ èrò.

Níní tàbí háyà

Ọ̀rọ̀ yìí di ti gbogbo ìlú ní ọdún 2021, nígbà tí aṣòfin Samuel Okudzeto Ablakwa béèrè ní gbangba nípa owó tí ìjọba fi háyà ọkọ̀ òfurufú ńlá fún Ààrẹ Nana Akufo-Addo, nígbà tí Falcon 900EX ti ìjọba wà nílẹ̀. Falcon náà, tí ó ní ẹ́ńjìnnì mẹ́ta, kì í ṣe jẹ́ẹ̀tì kékeré, ṣùgbọ́n ìṣirò kan náà ni. Owó háyà hàn sí gbogbo ènìyàn nítorí pé ẹ̀ẹ̀kan ni a ń san án. Owó ọkọ̀ tí a ní fara pamọ́ sínú owó oṣù, ìdójútòfò àti ìtọ́jú. Ẹni tí yóò fi méjèèjì wéra ní òtítọ́ gbọ́dọ̀ ka gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí ó sì pín in fún wákàtí tí ọkọ̀ fò ní ti gidi, kì í ṣe èyí tí olówó rẹ̀ rò pé yóò fò.