Ọmọ Tó Gbọ́ Èdè Wa Ni Ká Rán Lọ Kọ́ Iṣẹ́ Ìlera

  

Lọ́jọ́ ọjà kan, mo jókòó nídìí ìyá kan tó ń ta èlùbọ́. Ó ní ibà mú ọmọ òun ọlọ́dún méjì. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n fún un lóògùn. Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé ní Faransé, ìyá ń mi orí. Nígbà tó délé, ó fún ọmọ lóògùn lẹ́ẹ̀mejì péré, ara ọmọ tutù, ló bá kó ìyókù pamọ́, kó lè wúlò lọ́jọ́ mìíràn. Kò pẹ́, ibà padà dé, ó sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọlọ́run ló yọ ọmọ náà.

Oògùn ibà tí wọ́n fún un, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ń lò ó, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, bí ara ọmọ tilẹ̀ tutù lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Ìyá yẹn kì í ṣe aláìgbọ́n. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún un ní èdè tó gbọ́ ni. Nọ́ọ̀sì náà kò sì ṣe ibi. Ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti gbé e wá. Kò gbọ́ Yorùbá, kò gbọ́ Bàrìbá, kò gbọ́ Dẹ́ńdì.

Ohun tí mo fẹ́ ká sọ lónìí nìyẹn. Bí a bá fẹ́ kí ìtọ́jú dé ilé wa, àfi ká rán ọmọ ilé wa lọ kọ́ ọ. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé náà ló yẹ ká wò kí a tó fún ọmọ lóògùn.

Ọ̀nà wo ló wà? Èyí tó sún mọ́ wa jù ni iṣẹ́ relais. Abúlé fúnra rẹ̀ ló ń yan relais, láàárín àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò gùn, ṣùgbọ́n ó ń gba ẹ̀mí là. Wọ́n ń kọ́ ọ bí a ṣe ń fi ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti ìka ọmọ mọ̀ bóyá ibà ni, àti bí a ṣe ń po omi oníyọ̀ fún ọmọ tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru, pẹ̀lú oògùn zinc. Wọ́n ń kọ́ ọ bí a ṣe ń ka èémí ọmọ tó ń wúkọ́. Bí ọmọ tó ti pé oṣù méjì ṣùgbọ́n tí kò tíì pé ọdún kan bá ń mí tó ìgbà 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ìṣẹ́jú kan, tàbí tí ọmọ ọdún kan sí márùn-ún bá ń mí tó ìgbà 40, àyà ọmọ yẹn kò dá, ó nílò ìtọ́jú kíákíá.

Èkejì ni òṣìṣẹ́ tí ìlànà ìlera abúlé ti 2020 sí 2024 mú wọlé, tí wọ́n ń pè ní ASCQ. Ẹni tó ti kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú tó sì ní ìwé ẹ̀rí ni èyí. Òun ló ń bójú tó àwọn relais, tó ń tọ́ wọn sọ́nà.

Ẹ̀kẹta ni iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, agbẹ̀bí àti dókítà. A kò ní láti rán ọmọ lọ sí Cotonou kó tó kọ́ ọ. Láti 2001 ni Université de Parakou ti wà nílùú wa níbí. Ó ní ilé ẹ̀kọ́ dókítà. Ó ní IFSIO, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí. Ó tún ní ENATSE, fún àwọn tó ń ṣọ́ àjàkálẹ̀ àrùn. Ṣùgbọ́n BAC ni kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn. Ọmọ tí a yọ kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ kó tó gba BEPC, ilẹ̀kùn yẹn ti tì mọ́ ọn lójú.

Kì í ṣe àwa nìkan la ní ìṣòro yìí. Ní Alaska, ní Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀ wà ní abúlé tí yìnyín yí ká, tí mọ́tò kò lè dé. Ikọ́ ife ń pa wọ́n. Ni wọ́n bá kọ́ àwọn ará abúlé bí wọ́n ṣe ń fún àwọn aládùúgbò wọn lóògùn. Nígbà tó di 1968, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí náwó sí ètò náà. Ìpele mẹ́rin ni ẹ̀kọ́ wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ́ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, á padà sí abúlé lọ ṣiṣẹ́, kó tó tún lọ kọ́ ìpele tó kàn. Àwọn òṣìṣẹ́ yẹn ṣì wà níbẹ̀ di òní.

Ṣé ọmọ ilé kò ní àléébù ni? Ó ní o. Ìyá kan bi mí pé: "Àǹtí, bí ọmọ aládùúgbò mi bá mọ àìsàn mi, ṣé gbogbo kànga kọ́ ni yóò gbọ́?" Òótọ́ ni. Nítorí náà, bí ẹ bá ń yan relais, ẹ má wo ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹ má wo ọmọ baálẹ̀. Ẹni tó lè pa ẹnu mọ́ ni kí ẹ wò. Ẹ sì rántí pé owó ìwúrí ni wọ́n ń fún relais, kì í ṣe owó oṣù. Bí ó bá lo àárọ̀ lórí ọmọ yín, ẹ bá a ro ebè díẹ̀ nírọ̀lẹ́.

Ti owó ńkọ́? Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn là ń ta kajú. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá fi máa wọlé ní oṣù kẹsàn-án, owó ti tán, ọmọbìnrin ni wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ dá dúró sílé. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ta kajú gan-an ni kí ẹ yọ owó ìwé sọ́tọ̀, kí ẹ fi sínú àpótí ẹgbẹ́. Ọmọbìnrin tó mọ ìṣirò lónìí lè di agbẹ̀bí tí yóò gbọ́ igbe yín lóru.

Kí ẹ tó túká, ẹ jọ sọ nǹkan mẹ́ta yìí. Èwo nínú àwọn ọmọ wa ló fẹ́ràn sáyẹ́ǹsì? Kí ló lè dá a dúró kó tó gba BAC? Bó bá sì kẹ́kọ̀ọ́ tán, kí la máa ṣe kó lè fẹ́ padà wá bá wa? Ẹ kọ ìdáhùn yín, kí ẹ fi rán ẹni tó bá ń bọ̀ lọ́jọ́ ọjà. A óò kà á níbí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ó dìgbà o. Kí Ọlọ́run má fi àìsàn ọmọ dán wa wò.