"Ẹran Ti Gbọ́": Ohun tí Ó Yẹ kí Ọdẹ Ṣe àti Bí Ó Ṣe Kan Olùkọ́ Yorùbá

Iṣẹ́ ọdẹ wà lára àwọn iṣẹ́ abínibí tí a ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, ó sì máa ń jẹ yọ nínú ìdánwò lóòrèkóòrè, yálà lábẹ́ àṣà, lábẹ́ àròkọ, tàbí nínú àyọkà tí a fi ń dán òye wò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ orúkọ oríṣiríṣi ọdẹ kọ. Wọ́n mọ ohun èlò wọn, wọ́n mọ Ògún tí wọ́n ń bọ àti ìjálá tí wọ́n ń sun. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá kan iṣẹ́ náà gan-an, ìyẹn bí ọdẹ ṣe ń sún mọ́ ẹran títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi tẹ̀ ẹ́, ìdáhùn wọn a máa kúrú: ọdẹ rí ẹran, ó yìnbọn, ẹran ṣubú. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá tilẹ̀ gbìyànjú jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò kọ pé, "ẹran náà ti gbọ́, ọdẹ sì tètè yìnbọn." A máa ń fún irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ní máàkì nítorí pé kò sí àṣìṣe gírámà nínú rẹ̀. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé gbólóhùn náà ṣókùnkùn, àti pé bí òkùnkùn náà bá kúrò nínú ìwé tí ó dé inú igbó, ó lè pa ènìyàn.

Ẹran tí a ń sọ

Àgbọ̀nrín ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé òun ni ó pọ̀ jù lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ya àgbọ̀nrín sọ́tọ̀ kúrò lára ìgalà. Ẹran pupa rúsúrúsú ni, ó ní ilà àti àmì tóótòòtó funfun lára. Akọ rẹ̀ ní ìwo, abo rẹ̀ kì í ní. Ó fẹ́ràn etí igbó tí kò jìnnà sí omi. Òun nìkan ni ó sáábà máa ń rìn. A sì máa wọ oko lóru tàbí ní ìdájí láti jẹ ewé tútù. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá lo orúkọ rẹ̀ fún ẹran tí òùngbẹ ń gbẹ nínú Orin Dáfídì 42. Ìtumọ̀ náà bójú mu, ṣùgbọ́n kí olùkọ́ mọ̀ pé ẹran ilẹ̀ òkèèrè yẹn kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú tiwa. Ìwo tirẹ̀ máa ń pẹ̀ka, ó sì máa ń já bọ́ lọ́dọọdún kí òmíràn tó hù. Ìwo àgbọ̀nrín kò ní ẹ̀ka, kì í sì í já bọ́. Àwòrán ẹran oníwo ẹlẹ́ka tí a máa ń rí nínú àwọn ìwé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ àgbọ̀nrín kò bá igbó wa mu.

Ohun tí a ó sọ yìí kan ẹtu àti èsúró pẹ̀lú, ó kàn jẹ́ pé wọ́n kéré, wọ́n sì yára wọ inú ìṣẹ́pẹ́ ju àgbọ̀nrín lọ. (Kí a má gbàgbé àmì ohùn: ẹtu ni ẹran, ẹtù ni ẹyẹ, ẹ̀tù sì ni ohun tí a ń rọ sínú ìbọn. A ti rí ìwé ìdáhùn tí ọdẹ ti fi ẹran kì ìbọn.) Kí a má sì ṣe kọ́ ọmọ bí ẹni pé gbogbo igbó ni ọdẹ lè wọ̀. Láti 1991 ni ìjọba àpapọ̀ ti sọ igbó tó yí ahoro Ọ̀yọ́ Ilé ká di ọgbà tí a kò gbọdọ̀ dọdẹ nínú rẹ̀.

Gbọ́ ti etí àti gbọ́ ti imú

Ọ̀rọ̀-ìṣe gbọ́ ni ìṣòro náà ti bẹ̀rẹ̀. Nínú èdè Yorùbá, etí nìkan kọ́ ni a fi ń gbọ́ nǹkan. A ń gbọ́ ìró, a ń gbọ́ èdè, a sì ń gbọ́ òórùn. Èyí tí a dárúkọ kẹ́yìn yìí ti mọ́ wa lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ tí àrànmọ́ fáwẹ̀lì fi sọ ọ́ di gbóòórùn, tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kò sì fi bẹ́ẹ̀ rántí mọ́ pé gbọ́ ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tí a bá wá yọ àbọ̀ rẹ̀ kúrò, tí a ní "ẹran ti gbọ́", kò sí ẹni tó lè sọ bóyá etí ni ẹran fi gbọ́ tàbí imú. Nínú ilé, ìyẹn kò ṣe nǹkan kan. Nínú igbó, ohun tí ọdẹ yóò ṣe sí ọ̀kan yàtọ̀ pátápátá sí ohun tí yóò ṣe sí èkejì.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ti etí. Ọdẹ ń bọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, igi gbígbẹ kan ṣẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Àgbọ̀nrín tó ń jẹ ewé ní nǹkan bí ogún ìṣísẹ̀ gbé orí sókè lójijì, ó na etí méjèèjì síwájú, kò sì mira. Ẹran náà mọ̀ pé nǹkan kan dún. Kò tíì mọ ohun tí ó jẹ́. Ẹ̀ka a máa wó nínú igbó, èso a máa já, ọ̀kẹ́rẹ́ a máa sáré lórí ewé gbígbẹ. Bí ẹran bá ń sá fún gbogbo ìró, kò ní rí àyè jẹun. Ìbéèrè ni ó ń bi igbó ní àkókò náà, ọdẹ kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí yóò dá a lóhùn.

Nítorí náà, kí ọdẹ dúró bí ó ṣe wà gan-an. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan bá wà lókè, kí ó wà lókè. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá di ẹ̀ka mú, kí ó má ṣe jọ̀wọ́ rẹ̀. Ohun tó máa ń ṣe ọ̀dọ́ ọdẹ ni pé yóò fẹ́ lóṣòó kíá, tàbí kí ó gbé ìbọn lé èjìká lẹ́sẹ̀ kan náà, bẹ́ẹ̀ ìdáhùn tí ẹran ń wá ni ó fún un yẹn. Ojú àgbọ̀nrín wà ní ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀, kì í ṣe níwájú bíi tiwa. Ó ń rí ibi tó fẹ̀ púpọ̀ láìyí ọrùn, ṣùgbọ́n ohun tó bá mira ni ó tètè ń rí ju ohun tó dúró lọ. Ọdẹ tó wọ gbérí tó ti ṣá, tó fara ti igi, lè jẹ́ igi lójú ẹran náà fún ìgbà pípẹ́ bí kò bá ti mira. Ẹran lè tẹrí ba bí ẹni tó ti padà sídìí oúnjẹ, kí ó sì tún gbé e sókè kí ọdẹ tó mí. Ẹni tó bá mira ní ìgbà àkọ́kọ́ tí orí bá lọ sílẹ̀ ti tètè mira. Kí ó dúró títí etí ẹran yóò fi máa yí kiri lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí ẹnu rẹ̀ yóò sì máa jẹ ewé láìdáwọ́ dúró. Ìgbà náà ni ọwọ́ tó lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìbọn, díẹ̀díẹ̀, pàápàá bí orí ẹran bá bọ́ sẹ́yìn igi. Ìbọn ṣakabùlà kì í dún lẹ́ẹ̀mejì láìjẹ́ pé a tún un kì, ẹran kò sì ní dúró de ẹni tó ń kì ìbọn. Àgbọ̀nrín tí a fi ìkánjú ṣe léṣe tún léwu fúnra rẹ̀: akọ tí ọta bà, tí a sì lé há sí ibì kan, máa ń fi ìwo kọjú ìjà sí ọdẹ àti ajá.

Ti imú kò rí bẹ́ẹ̀. Etí lè ṣiyèméjì, ojú lè ṣiyèméjì, ṣùgbọ́n imú ẹran kì í sáábà ṣiyèméjì. Bí afẹ́fẹ́ bá gbé òórùn òógùn tàbí ti tábà lọ bá àgbọ̀nrín, kò tún ní bi igbó ní ìbéèrè kankan. A fọn imú, a gbó bí ajá lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, ó di inú igbó. Dídúró bí ère kò ran ọdẹ lọ́wọ́ mọ́ níhìn-ín, nítorí pé òórùn rẹ̀ kò dúró bí ère. Kí ó gbà pé ẹran ọjọ́ náà ti lọ, kí ó wo ibi tí ó gbà, kí ó rọra padà sẹ́yìn. Àgbọ̀nrín kì í fi agbègbè rẹ̀ sílẹ̀ bọ̀rọ̀; bí a kò bá lé e, ó ṣeé ṣe kí a tún bá a nítòsí ibẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Gbígbó tí ó gbó ti kìlọ̀ fún àwọn ẹran mìíràn tó wà nítòsí, nítorí náà àfi kí ọdẹ wá ibòmíràn lọ. Ó dunni, pàápàá fún ẹni tó ti rìn láti òru. Àwọn àgbà ti sọ pé bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bó pa ẹran kò ní fún ẹnì kan jẹ.

Ọdẹ tó mọṣẹ́ kì í jẹ́ kí ó dé ibẹ̀ rárá bí ó bá ṣeé ṣe. A bu erùpẹ̀ gbígbẹ tàbí eérú, a jẹ́ kí ó máa dà sílẹ̀ láti ọwọ́, a sì wo ibi tí ó fẹ́ sí, kí ó lè kọjú sí afẹ́fẹ́. Nígbà ọyẹ́, láti àríwá-ìlà-oòrùn ni afẹ́fẹ́ ti ń wá, ewé ilẹ̀ a sì gbẹ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹsẹ̀ kan kì í fi í wà láìdún. Nígbà òjò, láti ìhà òkun ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ jù, ewé tútù a sì bo ìró ẹsẹ̀. Ohun tó yẹ kí ọdẹ bẹ̀rù jù nígbà ọyẹ́, etí ni. Nígbà òjò, imú ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni afẹ́fẹ́ máa ń yí po lábẹ́ igi ńlá, èyí ni kì í jẹ́ kí ẹ̀rí ọwọ́ kan tó fún gbogbo ìrìn.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan yóò ní àfẹ̀ẹ́rí ni ọdẹ yóò lò. A kò bá wọn jiyàn, nítorí pé oògùn wà lára ohun tí a ń kọ́ wọn nípa ọdẹ. Ṣùgbọ́n kí a bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀-ìṣe tó wà nínú orúkọ náà. Rí ni, kì í ṣe gbọ́. Ẹni tó fi ara pamọ́ fún ojú kò tíì fi òórùn pamọ́.

Ojú nínú òkùnkùn

Gbogbo ohun tí a ti sọ yìí, ti ọ̀sán àti ìdájí ni. Ní òru, iná ni ọdẹ fi ń wá ẹran. Àtùpà kábáìdì ni àwọn baba wa ń dè mọ́ iwájú orí. Lónìí tọ́ọ̀ṣì oníbátìrì ti gba ipò rẹ̀ níbi púpọ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ náà bá bá ojú àgbọ̀nrín, ojú náà a tàn padà, nítorí pé awọ kan wà lẹ́yìn ẹyinjú rẹ̀ tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà. Ẹran tó fura ní òru sì lè má sá lójú ẹsẹ̀. Ó lè kọjú sí iná, kí ó máa wò ó. Níbi yìí ni ewu wà, nítorí ọdẹ kò tíì rí ẹran, ojú ni ó rí.

Àwa ènìyàn kò ní irú awọ bẹ́ẹ̀, nítorí náà ojú wa kì í tàn bí ti ẹran. Ṣùgbọ́n ajá ní in, ewúrẹ́ ní in, màlúù ní in, ẹni tó ń da màlúù tàbí tó mú ajá lẹ́yìn kì í sì í jìnnà sí wọn. Iná ọdẹ mìíràn pàápàá lè tàn fírífírí láàárín ewé. Lọ́pọ̀ ìgbà tí ọdẹ bá ṣèèṣì pa àgbẹ̀ tàbí ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀, ohun tí ó máa ń wí ni pé òun rò pé ẹran ni. Òótọ́ ni ó sì ń sọ. Ó bẹ̀rù pé ẹran náà ti fura, pé yóò sá, ó sì yìnbọn kí ó tó rí ohun tí ó ń yìn.

Ohun tó yẹ ni kí ó má ṣe mi iná, kí ó má ṣe pa á, kí ó sì dúró títí yóò fi rí ọrùn àti èjìká tó gbé ojú náà dúró. Bí kò bá rí wọn, kí ó má yìn. Bí ojú náà bá sì parẹ́ lójijì, bóyá ẹran ti yí orí padà, bóyá ó ti lọ. Ibi tí ojú ti wà kì í ṣe ibi tí ẹran wà mọ́, ẹni tó bá yìnbọn síbẹ̀, òkùnkùn ni ó yìn níbọn. Bákan náà ni igbó tó ń mì nígbà tí àwọn ọdẹ bá jọ tú igbó lọ́sàn-án. Àwọn ọdẹ ní fèrè tí wọ́n fi ń pe ara wọn, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè mọ ibi tí èkejì wà, kí ó sì tó yìn.

Ní ti ẹ̀kọ́ àti ìdánwò

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ "ẹran ti gbọ́", kí olùkọ́ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé pé: gbọ́ kí ni? Ìbéèrè gírámà ni, ó sì tún jẹ́ ìbéèrè ìgbẹ́. Èdè wa kò ṣaláìní ọ̀rọ̀ fún un. Ẹran lè na etí, ó lè ta gìrì, ó lè fọn imú, ó lè bẹ́ gìjà. Fura nìkan kò sọ ẹ̀yà ara tí ẹran lò, ta gìrì sì ń sọ ohun tí ara ṣe láìsọ ohun tó fà á. Bí a bá kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìyàtọ̀ yìí, wọn yóò gbádùn ìjálá pẹ̀lú. Àwọn oríkì ẹran tó wà nínú ìwé tí S. A. Babalọlá tẹ̀ jáde lórí ìjálá ní 1966 kò lè yé ọmọ tó rò pé ẹran kàn ń dúró de ìbọn ni.

Bí àyọkà kan bá sọ nípa ọdẹ, tí a sì béèrè ohun tó yẹ kí ó ṣe nígbà tí ẹran gbọ́, kí ètò máàkì má ṣe gba "kí ó tètè yìnbọn". Kí a kọ àyọkà náà lọ́nà tí etí tàbí imú yóò fi hàn nínú rẹ̀. Bí igi bá ṣẹ́ tí ẹran sì na etí, kí máàkì wà fún ẹni tó ní kí ọdẹ dúró láìmira títí ẹran yóò fi padà sídìí oúnjẹ. Bí afẹ́fẹ́ bá yí padà tí ẹran sì fọn imú, máàkì jẹ́ ti ẹni tó ní kí ọdẹ rọra padà sẹ́yìn. Bí ó bá sì jẹ́ òru, tí a kò sọ ju ojú méjì tó ń tàn lọ, ẹni tó bá kọ pé ọdẹ kò tíì mọ ohun tí ó rí ni kí a fún ní gbogbo máàkì.