Bọ́ọ̀lù lọ́wọ́, gbèsè ogun lọ́rùn

Ní Sátidé kan nínú oṣù Kejìlá lọ́dọọdún, nígbà tí òtútù bá ti ń mú gan-an ní ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ológun orí ilẹ̀ láti West Point á tò wọ pápá nínú ẹ̀wù àwọ̀lékè gígùn aláwọ̀ eérú, àwọn ti ojú omi láti Annapolis náà á tò wọlé. Láti 1890 ni wọ́n ti ń pàdé nínú bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà. Bí eré bá parí, ikọ̀ méjèèjì á kọ́kọ́ lọ dúró níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ tó pàdánù, wọ́n á bá wọn kọ orin wọn. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n á tó kọjú sí àwọn tó borí. Ohun tí gbogbo wọn ń lé jákèjádò sáà nìyẹn, pé kí orin tiwọn jẹ́ ìkejì. Nígbà orin àkọ́kọ́ yẹn, ẹ ó rí ọmọkùnrin tó ki pọ́pọ́ bí ìtí igi, tí omijé ń dà lójú rẹ̀ tí kò sì nù ún.

Ìgbà kan wà tí kò sí yunifásítì tó lè dúró níwájú wọn nínú bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà yìí. Ní 1944 àti 1945, West Point kò pàdánù eré kankan. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ológun márùn-ún ló ti gba ife ẹ̀yẹ Heisman, ti agbábọ́ọ̀lù yunifásítì tó dára jù lọ. Ẹni ìkẹyìn nínú wọn gbà á ní 1963. Láti 1972 ni ilé ẹ̀kọ́ méjèèjì pẹ̀lú ilé ẹ̀kọ́ ológun òfurufú tó wà ní Colorado ti ń du ife tí wọ́n fi orúkọ ọ̀gá àgbà pátápátá fún ológun, ìyẹn ààrẹ, pè. Ní báyìí, àwọn ọmọ tó tóbi jù tó sì yára jù ń gba ibòmíràn lọ. Ẹni tó bá sanra ju ìwọ̀n tí iṣẹ́ ológun gbà lọ gbọ́dọ̀ fọn kí ó tó gba oyè ọ̀gá ológun. Ìdí kan nìyẹn tí àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn fi fẹ́ràn kí wọ́n máa gbé bọ́ọ̀lù sáré ju kí wọ́n máa jù ú lọ.

Àríyànjiyàn tó gbà mí lọ́kàn jù ni ti ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù gbá débi pé àwọn ẹgbẹ́ inú líìgì olówó NFL ń wá a. Owó àwọn tó ń san owó orí ló fi kàwé lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì tún ń fún un lówó oṣù. Ohun tó fi dógò ni ọdún márùn-ún lẹ́nu iṣẹ́ ológun. Ṣé kí ó lọ gbá bọ́ọ̀lù ná, kí ó padà wá san gbèsè, àbí kí ó kọ́kọ́ sìn? Ìjọba wọn ṣe é bí ẹni ń ṣí ilẹ̀kùn tó tún ń tì í: wọ́n ṣí i ní 2016, wọ́n tì í ní 2017, ààrẹ ní kí wọ́n tún ṣí i ní 2019, kí 2022 sì tó parí, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ti tún fi òfin tì í.

Àwọn tó fẹ́ kó wà ní ṣíṣí ní agbábọ́ọ̀lù kan lórí tẹlifíṣàn ń ṣe ìpolongo tí ọ̀gá ológun kékeré kan ní bárékè kò lè ṣe. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n ẹ̀rí rẹ̀ ni mo ń wá. Ohun tí ọ̀dọ́ tó ń wò ó máa rí ni ọmọ ológun tó fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀ nítorí bọ́ọ̀lù. Mi ò mọ bí ìyẹn ṣe ń pe ẹlòmíràn wọlé.

Ibi tí mo ti gbà fún wọn ni ti ara. Ara agbábọ́ọ̀lù kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń gbé bọ́ọ̀lù sáré, bó bá fi máa lé lọ́mọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, orúnkún ti ń sọ̀rọ̀. Síbẹ̀, ẹni tó gba Heisman ní 1963 sin ọdún mẹ́rin, ó dé Vietnam, kí ó tó wá di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nínú bọ́ọ̀lù olówó. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ológun mìíràn ti Afghanistan dé. Irú wọn kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n wà.

Ìdánwò tó wà níwájú àwọn ọmọ náà ti wá le sí i. Láti 2021 ni àwọn agbábọ́ọ̀lù yunifásítì yòókù ti ń fi orúkọ àti àwòrán wọn pawó. Ti ológun kò sí níbẹ̀, nítorí òṣìṣẹ́ ìjọba ni wọ́n. Láàárín ọdún méjì àkọ́kọ́, ọmọ lè kó ẹrù rẹ̀ kúrò láìjẹ gbèsè kankan. Bí ọdún kẹta bá ti bẹ̀rẹ̀ tó ṣì jókòó, okùn ti mú un. Ẹ fojú inú wo ọmọ ogún ọdún, tí òwúrọ̀ kùtùkùtù ń bá lórí ìlà, tí yunifásítì mìíràn ń na owó sí láti ọ̀ọ́kán. Àwọn kan ń lọ, mi ò sì lè bá wọn wí, nítorí òfin ló fún wọn láyè. Àwọn tó dúró ni mo ń kan sáárá sí.

Ní tèmi, kí ẹni tó bá dúró kọ́kọ́ sìn. Ìwé kan náà ni ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí kò mọ bọ́ọ̀lù gbá tọwọ́ bọ̀, kò sì sí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ìyẹn. Àmọ́ kí ìjọba náà mú ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ṣẹ: òfin tí ọmọ bá bá lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ tó wọlé, òun ni kí wọ́n jẹ́ kó bá a jáde.