Káàdì Márùn-ún Nínú Àpótí Kan ní Lálúpọn

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ kan ní Lálúpọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Inú kọ̀ǹpútà IBM XT kan, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ náà gbé jáde ní 1983, ni wọ́n ń kọ owó ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sí. Ní ọdún yìí, àwọn ọmọ olóògbé kan wá bèèrè iye tí bàbá wọn fi sílẹ̀. Ikán ti jẹ ìwé àfọwọ́kọ tán, kọ̀ǹpútà nìkan ló kù.

Mo dábàá pé kí n da àkọsílẹ̀ náà sínú láptọ́ọ̀pù mi. Bàbá mi orí.

“Ìwọ ọmọ yìí, ohun tó bá ti wọ inú tìrẹ, ta ni yóò gbà pé kì í ṣe ìwọ lo tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀? Ojú ẹ̀rọ yìí gan-an ni wọn yóò ti rí i.”

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n 256KB ni mẹ́mórì tó wà lórí mọ́dábọ́ọ̀dù XT yìí, Lotus 1-2-3 sì máa ń gbé gbogbo ìwé ìṣirò sínú mẹ́mórì kó tó ṣí i. Káàdì tó ń fi mẹ́mórì kún un tẹ́lẹ̀ ti bàjẹ́: omi bátìrì orí rẹ̀ ti jẹ bàbà rẹ̀. Mo wá òmíràn lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà, mo sì rí àlòkù kan tó ní mẹ́mórì 384KB, aago, ojú ìfiránṣẹ́ àti ojú ìtẹ̀wé pọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fóònù dàgbà lè máa rò pé kí ni káàdì wà fún. Láyé ìgbà náà, mọ́dábọ́ọ̀dù kò dá nǹkan púpọ̀ ṣe. IBM PC ti 1981 ní ihò márùn-ún, XT ní mẹ́jọ, ohun tí ẹ bá fẹ́ kí ẹ̀rọ ṣe ni ẹ ó kì bọ ihò. Mẹ́rin ti wà nínú ti Bàbá: ti ojú kọ̀ǹpútà (tó ní ojú ìtẹ̀wé tirẹ̀), ti flọ́pì, ti hard disk, àti ti ìfiránṣẹ́.

Ihò ṣófo kò túmọ̀ sí pé ààyè wà. Káàdì tó bá fẹ́ pe ọpọlọ ẹ̀rọ ní nọ́ńbà tó fi ń kan ilẹ̀kùn: flọ́pì ń lo 6, hard disk ń lo 5, ìfiránṣẹ́ àkọ́kọ́ ń lo 4. Bí méjì bá ń kan ilẹ̀kùn pẹ̀lú nọ́ńbà kan náà, ìdàrúdàpọ̀ ló ń bí. Ojú ìfiránṣẹ́ káàdì tuntun wà lórí 4, bẹ́ẹ̀ náà ni ti àtijọ́. Mo lè yọ ti àtijọ́ kúrò, ṣùgbọ́n n kì í fọkàn tán àlòkù tó bẹ́ẹ̀. Mo ṣí jọ́mpà ti tuntun sí ipò kejì, níbi tí nọ́ńbà rẹ̀ ti di 3. Mo pa ojú ìtẹ̀wé rẹ̀, mo sì to àwọn súìṣì kéékèèké orí rẹ̀ kí mẹ́mórì rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí 256 parí sí. Mo yẹra fún ihò kẹjọ, tó wà lẹ́bàá àpótí iná, nítorí kì í gba gbogbo káàdì. Iná 130 wáàtì tí XT ní tó fún márààrún.

Ní ọjọ́ ìpàdé, àwọn àgbà yí tábìlì ká. Ẹ̀rọ náà ń ka mẹ́mórì rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lójú wọn, 64, 128, 192, títí ó fi dé 640. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Lotus ṣí ìwé náà, Bàbá sì tẹ orúkọ olóògbé.

Owó rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ̀yáwó tí kò tíì san tán náà wà níbẹ̀, èyí tí àwọn ọmọ kò gbọ́ rí. Àkọ́bí wọn tẹjú mọ́ déètì rẹ̀, ó ní ọdún tí òun wọ ilé-ìwé gíga nìyẹn. Wọ́n yọ gbèsè kúrò, wọ́n sì kọ iye tó kù sílẹ̀ fún wọn.

Nígbà náà ni Bàbá tó yọ̀ǹda pé kí n so wáyà mọ́ láptọ́ọ̀pù. Ní ìwọ̀n 9600, hard disk 10MB yóò gba nǹkan bí wákàtí mẹ́ta. Mo bẹ wọ́n kí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ kí NEPA tó mú iná lọ.