PCOS: Ohun tí Ẹ̀jẹ̀ Lè Sọ

Obìnrin tó ń gbé ní Kado, nílùú Àbújá, tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń ṣe ségesège, tí irùngbọ̀n sì ń hù fún un, lè rò pé dandan ni kí wọ́n ya àwòrán inú òun kí dókítà tó mọ ohun tó ń ṣe òun. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí àyẹ̀wò bá ti fi hàn pé kì í ṣe àìsàn mìíràn, àmì méjèèjì tó láti fi mọ PCOS, àìsàn hòmóònù tí kì í jẹ́ kí ẹyin gbó bó ti yẹ. Owó àwòrán lè dúró sápò.

Ẹni tí àmì kan ṣoṣo hàn lára rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kù sí. Ìlànà àgbáyé ọdún 2023 gbà kí àgbàlagbà obìnrin ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún hòmóònù AMH dípò àwòrán. Àwọn àpò ẹyin kéékèèké ló ń tú AMH jáde. Bí wọ́n bá pọ̀ jù, yóò ga. Kò yẹ fún ọ̀dọ́mọbìnrin, nítorí tiwọn lè ga láìsí àìsàn.

Àìsàn náà a máa rìn nínú ìdílé. Lọ́dún 2011, àwọn onímọ̀ ní Ṣáínà so jíìnì DENND1A mọ́ ọn. Síbẹ̀, kò sí àyẹ̀wò jíìnì tí dókítà fi ń mọ PCOS. Ara àwọn ará Yúróòpù àti Éṣíà ni wọ́n sì ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ìwádìí náà.

Àyẹ̀wò tí kò yẹ kí wọ́n fò ni ti ṣúgà, nítorí ínsúlínì kì í sábà ṣiṣẹ́ dáadáa lára wọn, yálà obìnrin náà sanra tàbí ó tẹ́ẹ́rẹ́.