Kòkòrò Rere Inú Irúgbìn Ẹ̀fọ́

Ó ti pẹ́ tí a ti ń fi ojú ìwé yìí kìlọ̀ fún ara wa nípa kòkòrò àìfojúrí: ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó jẹun, ẹ se omi kí ẹ tó mu ún, ẹ má ṣí oúnjẹ sílẹ̀ fún eṣinṣin. Ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ wá lára débi pé bí a bá ti gbọ́ "kòkòrò", àìsàn ni ọkàn wa máa ń lọ sí, ọwọ́ wa á sì máa wá oògùn tí yóò pa á. Lóṣù yìí, àwọn kòkòrò kan tí kò yẹ kí á pa ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn. Inú hóró irúgbìn ni wọ́n ń gbé: irúgbìn ẹ̀gúsí, elégédé, kùkúńbà, tòmátì, ata. Wọ́n wà níbẹ̀, irúgbìn náà kò sì ṣàìsàn.

Ẹnì kan lè béèrè pé, báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé inú hóró ni wọ́n wà, tí kì í ṣe pé ìdọ̀tí ara rẹ̀ ni? Ìbéèrè gidi ni. Àwọn onímọ̀ máa ń fi Jik tàbí ọtí líle fọ ara hóró náà, wọn á sì fi omi tí kò ní kòkòrò kankan ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Wọn á wá bu díẹ̀ nínú omi ìṣàn ìkẹyìn sínú àwo tí oúnjẹ kòkòrò wà. Bí ohunkóhun kò bá hù nínú àwo yẹn, a jẹ́ pé ara hóró ti mọ́ tónítóní. Nígbà náà ni wọn á lọ hóró náà kúnná, tí wọn á fi sínú àwo mìíràn. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, bakitéríà á hù nínú àwo kejì. Ibo ni wọ́n ti wá bí kò ṣe inú hóró?

Ní Yunifásítì Guelph ní orílẹ̀-èdè Kánádà, àwọn olùwádìí méjì, Eman Khalaf àti Manish Raizada, gbé irú iṣẹ́ yìí ka orí ìdílé elégédé: kùkúńbà, bàrà olómi, elégédé fúnra rẹ̀ àti àwọn ìbátan wọn. Wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2016 àti 2018. Bakitéríà tí wọ́n ń pè ní Bacillus àti ìbátan rẹ̀ Paenibacillus pọ̀ nínú àwọn hóró náà. Nígbà tí wọ́n kó wọn pàdé àwọn kòkòrò tí ń ba ohun ọ̀gbìn jẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn dí àwọn ọ̀tá wọ̀nyí lọ́wọ́. Àwọn kan tilẹ̀ ń bá àrùn tí ń dà bí ìyẹ̀fun funfun lórí ewé jà, èyí tí ẹni tó bá ti gbin elégédé tàbí kùkúńbà rí mọ̀ dáadáa.

Ìdílé elégédé yìí kì í ṣe àjèjì sí wa nínú ẹ̀sìn. Ànábì Yūnus (kí ọlà Ọlọ́hun máa bá a), nígbà tí ẹja pọ̀ ọ́ sí etí òkun, ìtàkùn irú ìdílé yìí ni Ọlọ́hun hù fún un láti ṣíji bò ó, bí Sūratu Ṣāffāt ṣe sọ ọ́. Ànábì wa Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fẹ́ràn elégédé nínú ọbẹ̀, Anas ọmọ Mālik ló sọ bẹ́ẹ̀ fún wa. Ẹ wá wo ohun tí Ẹlẹ́dàá fi sínú hóró kékeré tí ìtàkùn ọ̀hún ti ń hù.

Ọ̀nà tí àwọn kòkòrò náà ń gbà wọlé kò ju mélòó kan lọ. Àwọn kan ń gba inú iṣan ohun ọ̀gbìn, láti gbòǹgbò dé igi, láti igi dé èso, títí dé inú hóró. Àwọn kan ń bá àtíkè òdòdó wọlé nígbà tí oyin bá bà lé e. Àwọn mìíràn ń ti inú omi èso bọ́ sí ara hóró. Bí ìyá ṣe ń di ẹrù fún ọmọ tí ń lọ sílé ọkọ, bẹ́ẹ̀ ni ìtàkùn ìyá ń di ẹrù fún hóró rẹ̀. Ọmọ náà kò mọ irú ilẹ̀ tí yóò bọ́ sí, ṣùgbọ́n kò lọ lọ́wọ́ òfìfo.

Bí omi bá kan hóró nínú ilẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í wú, àwọn kòkòrò náà á jí pẹ̀lú rẹ̀. Wọn á tẹ̀ lé gbòǹgbò bí ó ti ń yọ, wọn á gba àyè yí i ká kí àwọn oníjàgídíjàgan inú ilẹ̀ tó dé. Àwọn kan nínú wọn ń tú ohun tí a ń pè ní fọ́sífọ́ọ̀sì sílẹ̀ láti ara yẹ̀pẹ̀, kí gbòǹgbò lè rí i fà mu. Àwọn kan ń ṣe oje tí ń mú kí gbòǹgbò gùn. Àwọn kan sì ń ṣe oògùn tiwọn, tí ń lé fọ́ńgọ́ọ̀sì, irú ohun tí ń mú kí búrẹ́dì bu, sẹ́yìn. Ní ọdún 2021, àwọn olùwádìí ní ilẹ̀ Ṣáínà fi hàn pé bakitéríà kan tí ń gbé inú irúgbìn ìrẹsì ni ó mú kí ìrẹsì kan yè nígbà tí àrùn ń pa àwọn yòókù, bẹ́ẹ̀ irú ìrẹsì kan náà ni gbogbo wọn. Láti inú irúgbìn ọdún kan ni bakitéríà náà ti ń bọ́ sínú irúgbìn ọdún tí ń bọ̀.

Bí ọ̀rọ̀ Bacillus yìí bá dà bí ohun àjèjì, ẹ bi àwọn ìyá oníru. Wọn á se igbá lóru mọ́jú, wọn á bó o, wọn á tún un sè, wọn á wá bò ó mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Gbogbo iná yẹn kò pa Bacillus run, nítorí pé ó ní irú èèpo kan tí ó máa ń kó sí nígbà ìnira, tí omi híhó kì í tètè wọ̀. Òun ló ń sọ igbá di irú. Ọ̀jọ̀gbọ́n S. A. Odunfa ní Yunifásítì Ìbàdàn ti kọ̀wé lórí àwọn kòkòrò inú irú láti ọdún 1981. A ti ń jẹ ìbátan àwọn kòkòrò yìí nínú ọbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ orúkọ rẹ̀ fún wa.

Ìdí tí mo fi ń sọ gbogbo èyí ni pé ọ̀pọ̀ wa gbà pé oògùn ni ìmọ́tótó. Nínú ẹ̀sìn wa, nàjísì ni a ní kí á mú kúrò. Ẹnikẹ́ni kò ní kí á pa gbogbo ohun ẹlẹ́mìí tí ojú kò rí. Oògùn tí a fi ń pa fọ́ńgọ́ọ̀sì lára irúgbìn kì í béèrè ẹni tí í ṣe ọ̀rẹ́ àti ẹni tí í ṣe ọ̀tá. N kò ní kí àgbẹ̀ má lò ó rárá o. Níbi tí àrùn ti ń jẹ ọ̀gbìn kékeré nídìí títí wọn yóò fi wó, ó wúlò. Ṣùgbọ́n irúgbìn tí a ti fi oògùn pò kì í ṣe oúnjẹ mọ́, fífọ̀ kò sì lè sọ ọ́ di oúnjẹ padà.

Ẹ jẹ́ kí á rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ará wa ní Iraq ní ọdún 1971 sí 1972. Ìjọba pín irúgbìn wíìtì àti báálì tí wọ́n rà láti Mẹ́síkò àti Amẹ́ríkà. Wọ́n ti fi oògùn tí ó ní mákúrì nínú pò ó nítorí fọ́ńgọ́ọ̀sì, wọ́n sì pa á láró kí ẹnikẹ́ni má baà jẹ ẹ́. Èdè Òyìnbó àti èdè Spéènì ni wọ́n fi kọ ìkìlọ̀ sára àpò. Nígbà tí ó fi máa dé ọ̀pọ̀ ibi, àsìkò ìfúrúgbìn ti kọjá, ebi sì wà nílé. Àwọn kan fọ̀ ọ́ títí aró fi ṣí, wọ́n rò pé oògùn ti bá aró lọ, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n fi ṣe búrẹ́dì. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, òmíràn kọjá, kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú, tí ojú ń ṣú, tí ahọ́n ń wúwo. Ènìyàn 6,530 ni wọ́n gbé dé ilé ìwòsàn. 459 nínú wọn ló kú síbẹ̀. Aró ṣí, mákúrì kò ṣí.

Nílé tiwa náà, àwọn kan ń da ọ̀tápíápíá sórí ẹ̀wà kí wéevìlì má baà jẹ ẹ́. Àjọ NAFDAC ti kìlọ̀ léraléra, ilẹ̀ Yúróòpù sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà Nàìjíríà ní ọdún 2015 nítorí oògùn yìí. Bí irúgbìn ọjà bá ní àwọ̀ pupa, aláwọ̀ ewé tàbí búlúù tí kì í ṣe tirẹ̀, ẹ gbìn ín, ẹ fọ ọwọ́ yín pẹ̀lú ọṣẹ, ẹ má fún adìẹ jẹ.

Kì í sì ṣe gbogbo ohun tí ń bá irúgbìn rìn ni ọ̀rẹ́. Ní ọdún 2011, ènìyàn tí ó lé ní 50 kú ní Jámánì àti àyíká rẹ̀ látàrí bakitéríà E. coli kan. Èéhù hulba tí wọ́n jẹ ní tútù ni ìwádìí tọ ipa rẹ̀ dé. Hulba yìí náà ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń rà lọ́wọ́ àwọn tí ń ta oògùn Ìsláàmù. Ẹ máa sè é kí ó hó dáadáa. Ẹ má rẹ ẹ́ kí ó hù, kí ẹ wá jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ní ti ẹni tí ń gbin ẹ̀fọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, irúgbìn tí ẹ bá fẹ́ tọ́jú, ara igi tí kò ṣàìsàn ni kí ẹ ti mú un, kí èso rẹ̀ pọ́n dáadáa. Bí ó bá jẹ́ tòmátì, ẹ fún hóró rẹ̀ pẹ̀lú omi rẹ̀ sínú ife, kí ó wà níbẹ̀ fún ọjọ́ méjì títí yóò fi kan. Ìkan yẹn ń bọ́ oje yíyọ̀ ara rẹ̀, ó sì ń dín àwọn àrùn kan kù. Ẹ ṣàn án, ẹ sá a sí ibòòji tí afẹ́fẹ́ ń gbà. Àwọn irúgbìn àdàlù tí ilé iṣẹ́ ń tà kì í sábà bí irú ara wọn, nítorí náà ti ìbílẹ̀ ló dára jù fún ìtọ́jú. Ní ti ewédú, kí ẹni tó ń di irúgbìn rẹ̀ sínú aṣọ, tó ń rì í bọ omi gbígbóná kó tó gbìn ín, máa bá a lọ. Èèpo líle rẹ̀ ni omi náà ń là. Kò yẹ kó ju bí a ṣe lè ka 1 dé 10 lọ, kí ẹ sì yọ ọ́ sínú omi tútù.