Sọ́ḿbì Inú Sinimá àti Àwọn Ọmọ Wa

Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa ní Minna níhìn-ín, àwọn ọmọ a máa kó jọ sídìí fóònù lálẹ́, wọn a máa wo sinimá sọ́ḿbì, òkú tó dìde tó ń wọ́ ẹsẹ̀ rìn. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè yóò dé: ṣé "fúdù" yìí ni àwọn bàbá-ńlá wa ń ṣe nílé? Òbí mìíràn a ní kí ọmọ lọ sùn. Ṣùgbọ́n ìdáhùn wà, ó sì yẹ kí ọmọ tí a bí sí ìdálẹ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu wa.

Ọ̀rọ̀ àwọn Fọ̀n ni, àwọn ará Dahomey àtijọ́ tí a ń pè ní Benin lónìí. Ohun tí wọ́n ń pè ní vodun ni àwa ń pè ní òrìṣà. (Mùsùlùmí àti Kristẹni pọ̀ nínú ẹgbẹ́ wa, n kò ní kí ẹnikẹ́ni lọ bọ ohunkóhun.) Àwọn tí a kó lẹ́rú ló gbé e dé Haiti, pẹ̀lú Ògún tiwa, tí wọ́n ń pè ní Ogou níbẹ̀. Ọmọ ogun Amẹ́ríkà gba Haiti ní 1915, wọn kò kúrò títí di 1934. Ní 1929, William Seabrook kọ ìwé nípa òkú tí ń ṣiṣẹ́ oko ìrèké níbẹ̀. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, Hollywood ti sọ ọ́ di owó.

Fíìmù náà ni White Zombie, 1932. Ọjọ́ 11 péré ni wọ́n fi yà á, ilé tí Universal ti kọ́ fún sinimá mìíràn ni wọ́n sì yá lò. Ibì kan wà nínú rẹ̀ tó le: àwọn sọ́ḿbì ń ti ẹ̀rọ ìlọ̀rèké yí, ọ̀kan ré sínú ẹ̀rọ, àwọn yòókù kò bojú wẹ̀yìn, ẹ̀rọ ń yí lọ. Ohun tí àwọn ará Haiti ń bẹ̀rù gan-an nìyẹn. Sọ́ḿbì tiwọn kì í jẹ ẹran èèyàn. Lẹ́yìn fíìmù George Romero ní 1968 ni ìyẹn di àṣà. Ẹni tó ń sìnrú lẹ́yìn ikú ni sọ́ḿbì. Ọmọ ẹrú oko ìrèké wo ni kò ní bẹ̀rù èyí?

Akúdàáyà tiwa yàtọ̀. Òun a lọ sí ìlú òkèèrè, a fẹ́yàwó, a bímọ, a ṣòwò, títí ará ilé kan yóò fi dá a mọ̀ lọ́jà, tí yóò sì pòórá. (Àwa ará ìdálẹ̀ ti gbọ́ irú ìtàn bẹ́ẹ̀, a sì ti wo ojú ara wa lẹ́ẹ̀mejì.) Akúdàáyà ló ni ara rẹ̀, sọ́ḿbì kò ní nǹkan kan.

Ẹ̀rín náà wà níbẹ̀. Nínú King of the Zombies, tí ilé-iṣẹ́ kékeré Monogram ṣe ní 1941, Mantan Moreland, ọmọ Louisiana, aláwọ̀ dúdú, ṣe ọmọ-ọ̀dọ̀ òyìnbó. Dókítà burúkú kan ranjú mọ́ ọn títí ó fi gbà pé òun náà ti di sọ́ḿbì, ó bá tò sórí ìlà pẹ̀lú wọn, ẹnu rẹ̀ kò sì dákẹ́. Àwọn tó ní irú ipa bẹ́ẹ̀ ń fi dúdú ṣẹ̀sín kò jayò pa. Síbẹ̀, òun ló kọ́kọ́ rí ewu nínú ilé náà. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ ni kò gbà á gbọ́.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni I Walked with a Zombie, 1943, tí Val Lewton ṣe fún RKO, tí Jacques Tourneur sì darí. Àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ló kọ́kọ́ fún Lewton ní orúkọ, kó tó wá ìtàn sí i. Owó kò tó, wọ́n fi òkùnkùn àti ìró afẹ́fẹ́ dẹ́rù bani. Láàárín oko ìrèké, ọkùnrin dúdú gíga kan, Darby Jones, dúró, ojú rẹ̀ ranjú, kò sọ̀rọ̀. Carrefour ni orúkọ rẹ̀ nínú eré náà. Oríta ni carrefour lédè Faransé. Haiti ní Legba tó ń ṣọ́ oríta, àwọn Fọ̀n ní Lẹ́gbà, àwa ní Èṣù Ẹlẹ́gbára.

Ìṣẹ́jú 69 ni fíìmù náà. Bí nọ́ọ̀sì òyìnbó bá ti mú aláìsàn rẹ̀ dé iwájú Carrefour, ẹ dá a dúró díẹ̀, kí ẹ bi àwọn ọmọ ẹni tó dúró ní oríta yẹn.